Àgbọn, Ṣúgà àti Ọwọ́ Ọmọdé

Ní àkókò tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè ń gbẹ, tí àwọn ilé ìwé ti ti ilẹ̀kùn tí wọ́n sì ti tú àwọn ọmọ sílé fún ọlidé Kérésìmesì, agbára káká ni ẹ fi lè rí ilé kan tí ọmọdé wà, láti Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá títí dé Festac Town ní Èkó, ìbáà ṣe ilé ọlọ́rọ̀ tàbí ti mẹ̀kúnnù, tí ẹ kò ní bá àpò ọ̀rá kan níbẹ̀ tí wọ́n ya Bàbá Kérésì aláṣọ pupa sí lára, tí súìtì, ṣingọ́ọ̀mù, bisikíìtì àti ohun mìíràn tí baálé ilé kò mọ orúkọ rẹ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bí ọmọ bá lọ sí àríyá ìparí ọdún ní ilé ìwé, wọn a fún un ní ọ̀kan. Bí ó bá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí, wọn a tún fún un. Bí ó bá sì jókòó lórí itan Bàbá Kérésì fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn tí òbí rẹ̀ ti sanwó fọ́tò, òmíràn tún délé. Kí ọjọ́ ọdún gan-an tó pé, ọmọ náà yóò ti jẹ adùn dé ibi tí adùn kò jọ ọ́ lójú mọ́. Èrò tèmi, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, ni pé súìtì tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀, ni ó yẹ kí a máa fi ṣe ọdún fún un, àti pé bí a ti ń lé ọmọ kúrò nídìí ààrò, tí a ń ní kó lọ wo tẹlifíṣọ̀n, à ń du ọmọ ní ohun kan tí a kò lè rà fún un ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa láti máa fún ọmọdé ní ohun adùn. Adùn ni a fi ń kí ọmọ káàbọ̀ sáyé nílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, oyin, ìrèké àti àádùn a máa wà lórí àwo pẹ̀lú obì, orógbó, atare, iyọ̀ àti omi tútù, àgbà ìdílé a sì máa tọ́ ọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìwúre pé kí ayé rẹ̀ dùn. Bí ó bá jẹ́ ìbejì ni Olódùmarè fi ta ilé lọ́rẹ, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ìyá wọn a se ẹ̀wà, a gé ìrèké wẹ́wẹ́, a sì pe tọmọ-tọmọ àdúgbò jọ kí wọ́n wá fi ṣe sàárà. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn ọmọ kò kàn ń na ọwọ́ gbà nìkan ní ayé ìgbà náà. Àádùn tí mo dárúkọ yìí, àgbàdo yíyan ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń fi epo pupa àti iyọ̀ pò. Ọmọ kan ni yóò máa jọ ìyẹ̀fun, òmíràn ni yóò mú ewé wá, èyí tó kéré jù ni yóò sì máa lá ọwọ́ tí wọ́n fi pò ó. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, àwọn ìyá wa sì mọ èyí, wọn kò tìtorí ọwọ́ tó dọ̀tí lé ọmọ jáde.

Ní Èkó, Èkó akéte, ilé ọgbọ́n, àgbọn ni ọba gbogbo mìdìnmíìdìn wa. Òun ni a fi ń ṣe gúrúndì, òun ni a fi ń ṣe baba dúdú tí àwọn ìyá ń kó sínú ìgò tó ní ìdérí tí wọ́n sì ń gbé jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwa wà ní kékeré. Kókóòrò tó gbajúmọ̀ nílẹ̀ àwọn ọmọ Lísàbí náà wà, dọ̀ǹkwá tí a kọ́ lọ́wọ́ àwọn Hausa kò sì gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti àgbọn ló borí. Kì í sì ṣe àwa nìkan. Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí ìran Yorùbá fi oúnjẹ àti orò rẹ̀ lélẹ̀ sí, àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí ń din àkàrà tà nígboro a máa ta cocada pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí í ṣe àgbọn rírin tí wọ́n fi ṣúgà sè títí ó fi dì. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gúrúndì, ẹ ó wá ìyàtọ̀ tì. Àwọn Àgùdà tí ó ti ibẹ̀ padà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó, ṣì ń fi ẹ̀wà àti wàrà àgbọn se frejọ̀n ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere títí di òní olónìí.

Ilẹ̀ wa kọ́ ni àgbọn ti ṣẹ̀, àwọn Potogí ni ó gbé e dé etí òkun wa, ṣùgbọ́n ó ti wá di ọmọ onílé ní Àgbádárìgì, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ kan sílẹ̀ fún un ní tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àgbọn ti ń gba ojú títì márosẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa, tí ẹ ó rí àwọn ọmọ Hausa tí wọ́n ń tì í kiri nínú bárò ní Àgbójú, ní Mile 2 àti ní ẹnu géètì Festac, tí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń wọ́n omi sí i kó má baà gbẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Festac, ìlú tí ìjọba dìídì kọ́ fún àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kejì ọdún 1977, ti di ibi tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ lè ka orúkọ súìtì àjèjì bí ẹni ń ka ABD, kó má sì dá gúrúndì mọ̀ bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀. N kò bá ilé iṣẹ́ kankan jà o. Tom Tom tí Cadbury ń ṣe ní Àgídìngbì, èmi náà máa ń sọ ọ́ sẹ́nu bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń yún mi. Ẹjọ́ tí mo ń rò kọjá ẹni tó ṣe súìtì. Ó dá lórí ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe baba dúdú, nítorí inú bí wọ́n ti ń ṣe é gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àgbọn tó gbó ni a ń fẹ́, èyí tí omi ń dún pọ̀ṣọ̀pọ̀ṣọ̀ nínú rẹ̀ bí a bá mì ín. Ẹ gbé e fún ọmọ kó mì ín létí ara rẹ̀, kó yan èyí tó wù ú. Àgbà ni yóò fọ́ ọ. Omi inú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí a bá ti yọ ara àgbọn kúrò lára èèpo, tí a sì ti fọ̀ ọ́, àgbà ni yóò rin ín lórí páànù olójú wẹ́wẹ́ tí a fi ń rin ilá, nítorí ojú páànù náà kì í mọ ìka ọmọ yàtọ̀ sí àgbọn. Nígbà tí ó bá ti kúnná, tí a ti bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, iṣẹ́ dé ọwọ́ ọmọ: kó kó ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, kó máa fún un, kó máa pò ó, kí wàrà funfun náà máa ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin lè ṣe èyí fún odindi ìdajì wákàtí láìbèèrè fóònù. Lẹ́yìn náà ni a ó sẹ́ ẹ, tí ọmọ tó dàgbà díẹ̀ yóò wá wọn ife wàrà méjì, yóò sì wọn ife ṣúgà kan lé e, yóò fi ọwọ́ nu orí ife náà kó lè tẹ́jú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ilé ìwé.

Láti ibí lọ, àgbà ló ni iná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ẹ bá fi òwe yìí sọ́kàn, kò sí ìjà nínú ilé ìdáná. Wàrà àti ṣúgà náà yóò kọ́kọ́ hó bí omi lásán, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki, òróró àgbọn yóò yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ yóò kúrò ní funfun, yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú, yóò sì máa ṣókùnkùn lọ. Omi lásán kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 Celsius lọ lórí ohun tí a fi ń wọn ooru, ṣùgbọ́n bí omi ti ń gbẹ kúrò lára ṣúgà ni ooru rẹ̀ ń gòkè. Ní nǹkan bíi 115 ó ṣì rọ̀, nígbà tí ó bá fi máa di èyí tí ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́ lẹ́nu, ó ti tó bíi 150. Àwọn ìyá tí ń ṣe é tà kò ní ohun ìwọnooru kankan, síbẹ̀ wọn kì í ṣì í ṣe, nítorí ife omi tútù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo wo ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá bí ó ti ń ṣe é pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò lè ju ọlọ́dún mẹ́fà lọ. Ó fi orí ṣíbí bu ẹ̀kán kan, ó kán an sínú omi tútù, ó dúró díẹ̀, ó ní, “Tẹ̀ ẹ́ wò, ọkọ mi, kó o sọ bó ṣe rí fún mi.” Ọmọ náà ki ìka bọ omi, ó tẹ̀ ẹ́. “Ó ń rọ̀, Màmá.” “Ó kù díẹ̀ nìyẹn.” Wọ́n tún ṣe é, wọ́n tún ṣe é, títí ọmọ náà fi mú ẹ̀kán kan jáde tó le koránkorán láàárín ìka rẹ̀, tí ó sì kígbe bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ìyá àgbà sọ ìkòkò kalẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ló pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, àgbàlagbà ọlọ́dún bí àádọ́rin sì ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibo ni ọmọdé tún ti ń rí irú iyì bẹ́ẹ̀ gbà?

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dà á sórí tíréè tí wọ́n ti fi òróró ra, wọ́n fi í sílẹ̀ kó tutù dé ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà, gbogbo wọn sì fi òróró pa ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i roboto-roboto. Ti ìyá àgbà dọ́gba gégé. Ti ọmọ náà, òmíràn tóbi bí ẹyin ẹyẹlé, òmíràn kéré bí hóró ẹ̀wà, kò sì sí ẹni tó ní kó tún un ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò kọ́kọ́ sọ: iná. N kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, pàápàá ní ibi tí a ń gbé. Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá tí mo ń wí yìí, tí àwọn ènìyàn máa ń fi Ìjẹ̀gún ti Ìkọ̀tún pè, ni àwọn àgbá ìfepopamọ́ ràgàjì-ràgàjì tò sí lẹ́bàá omi, tí ọkọ̀ agbépo sì ń tò lọ bí ìrìn ìjàlọ lójú ọ̀nà wa. Kò sí ẹni tó wà ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìbúgbàù Abúlé-Àdó gba ẹ̀mí tó sì wó ilé àti ilé ìwé lulẹ̀, tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ẹ̀rù iná. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kàn ń lé kúrò nídìí iná kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ju pé ó jẹ́ èèwọ̀, ọjọ́ tí òbí bá sì jáde ni yóò lọ wádìí èèwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó ti dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ààrò, tí wọ́n ti fi hàn án bí a ti ń yí ọwọ́ ìkòkò sí inú kí aṣọ má baà kọ́ ọ, bí a ti ń pa gáàsì láti orí sílíńdà, tí ó sì ti rí i bí ṣúgà gbígbóná ti ń dì gbagidi lára ṣíbí, mọ ìdí tí a fi ń sọ pé “má fọwọ́ kàn án”. Ṣúgà tó ń hó léwu ju omi lọ, nítorí pé ó gbóná jù ú lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ awọ, kì í ṣàn kúrò. Bí ó bá wá ta sí ọmọ lára, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ jẹ́ kó máa ṣàn lé e fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin tútù àti ọṣẹ ìfọyín tí àwọn aládùúgbò yóò máa gbé wá, ẹ dá a padà fún wọn pẹ̀lú ọpẹ́.

Ohun kejì tí wọn yóò sọ ni ti ṣúgà, pé ó ń ba eyín jẹ́, pé àpọ̀jù rẹ̀ lè dá kún ewu àtọ̀gbẹ. Òótọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a ń bù sí oúnjẹ má ṣe kó ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ènìyàn, pé ó tún sàn jù kó má ju ìdá 5 lọ, èyí tí í ṣe bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà, nǹkan bíi ṣíbí tíì 6. Ti ọmọdé kò sì gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá, nínú òfin ìṣúná ọdún 2021, bu owó orí náírà 10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan tó ní ṣúgà. Ẹ wá jẹ́ kí a ṣírò baba dúdú wa. Ife ṣúgà kan jẹ́ bíi gíráàmù 200. Bí a bá yí i sí ọ̀nà 40, gíráàmù 5 ni ó wà nínú ẹyọ kan, bí ọmọ bá sì jẹ ẹyọ méjì lẹ́yìn oúnjẹ, a mọ ohun tó jẹ. Ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ náà mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni ó wọn ife ṣúgà náà, tí ó rí bí ó ti ga tó kó tó yọ́ mọ́ wàrà tí ojú kò rí i mọ́. Ta ni ó mọ iye ṣúgà inú àpò Bàbá Kérésì? N kò sọ pé baba dúdú jẹ́ oògùn. Súìtì ni, kí a fọ eyín lẹ́yìn rẹ̀. Kí a má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní èyí tó le koránkorán tàbí odindi ẹ̀pà, kó má baà há a lọ́fun. Gúrúndì rírọ̀, tí àgbà bù wẹ́wẹ́, ni kó jẹ ní tirẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kò sí àyè, pé ẹni tó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 jà dé ilé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kò lè máa rin àgbọn. Ta ní ní kí ẹ rin ín ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́? Ọjọ́ kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú gbogbo ọlidé náà, ọ̀sán Sátidé kan. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ń kọ́? Mo ti gbọ́ tí bàbá kan ń bú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé kí ló ń wá nínú ilé ìdáná bí obìnrin, ní ilé tí ó jẹ́ pé bàbá náà fúnra rẹ̀ kì í jẹun lẹ́yìn agogo méje bí ìyàwó kò bá sí nílé, nítorí kò mọ bí a ti ń ṣáná sí gáàsì. Ìtìjú ńlá ni. Àwọn tó ń yan súyà ní Apple Junction ládùúgbò wa, ọkùnrin ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá nídìí iná.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ọyẹ́ Kérésìmesì bá iṣẹ́ yìí mu púpọ̀, nítorí ṣúgà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì gbẹ. Baba dúdú oṣù Kejìlá a máa le fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ti Iléyá, tí ó bọ́ sí oṣù Kẹfà ní ọdún 2024 àti 2025, láàárín òjò, tí ọ̀rinrin odò àti òkun tó yí wa ká kò sì jẹ́ kí ohunkóhun gbẹ, kí ẹ wé e sínú ọ̀rá ní kété tó bá ti tutù, kí ẹ sì dé e mọ́ inú ìgò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa làágùn, yóò sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mo dárúkọ Iléyá nítorí pé àṣà tó dára jù ní àdúgbò wa ni àwo ọdún. Ẹlẹ́sìn Ìgbàgbọ́ ń gbé ìrẹsì àti ẹran adìyẹ ránṣẹ́ sí Mùsùlùmí ní Kérésìmesì, Mùsùlùmí ń gbé ẹran àgbò padà ní Iléyá. Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀gùn, gbogbo wa la jọ ń pààrọ̀ àwo. Àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ń gbé e kiri. Títí di ìsinsìnyí, oúnjẹ tí wọn kò lọ́wọ́ sí ni wọ́n ń gbé. Ẹ gbé ìdì baba dúdú kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ yí lé àwo náà lórí, kí ẹ wo bí yóò ti dúró ní ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, tí kò ní tètè lọ, tí yóò máa retí kí wọ́n tọ́ ọ wò lójú rẹ̀.

Àwọn olórí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Oríadé ni mo wá kọjú sí báyìí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, kò fẹ́ kí ọmọ máa kiri ọjà, èmi náà kò sì fẹ́ ẹ. Ṣíṣe baba dúdú nínú ilé yàtọ̀ sí gbígbé e kiri títì. Ìyá tó ń ta gúrúndì ní ẹ̀yìn ògiri ilé ìwé yín, tí àwọn ọlọ́dẹ yín ń lé kiri lójoojúmọ́, mọ iṣẹ́ tí olùkọ́ yín kankan kò mọ̀. Ní ọdún yìí, dípò kí ẹ gba owó lọ́wọ́ òbí fún àpò Bàbá Kérésì, ẹ pe ìyá náà wọlé ní ọjọ́ àríyá ìparí ọdún, ẹ wẹ ọwọ́ àwọn ọmọ, ẹ tẹ́ tábìlì, ẹ jẹ́ kó kọ́ wọn, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí ẹ ti ń san ti olùkọ́.